Lẹ́tà ṣíṣí sí NHIA àti àwọn àjọ adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀: ta ló yẹ kó ya àwòrán ọpọlọ nítorí túúlu?

Sí Ọ̀gá Àgbà NHIA, àjọ adójútòfò ìlera ti orílẹ̀-èdè, ní Àbújá, àti sí àwọn ọ̀gá àjọ adójútòfò ìlera ní ìpínlẹ̀ Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Oǹdó àti Èkìtì.

Ẹ̀yin ọ̀gá wa,

A kí yín kú iṣẹ́ ìlú. Láti ìgbà tí òfin NHIA ti ọdún 2022 ti sọ adójútòfò ìlera di dandan, ọ̀rọ̀ kan wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn tí túúlu ń yọ lẹ́nu: "Mo ti ń dá owó, ẹ ya àwòrán ọpọlọ mi fún mi." Òṣìṣẹ́ ìlera ni àwa tí a kọ lẹ́tà yìí, orí fífọ́ sì ni iṣẹ́ wa. Ẹ̀bẹ̀ wa ni pé kí ẹ má ṣe ṣèlérí CT tàbí MRI, ìyẹn àwòrán inú ọpọlọ tí ẹ̀rọ ń yà, fún gbogbo ẹni tó ní túúlu, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹni tí àmì ewu bá hàn lára rẹ̀ rí i yà lọ́jọ́ kan náà láìsan kọ́bọ̀ ṣáájú. Owó tí ẹ kò bá ná sórí ti àkọ́kọ́ ni ẹ ó fi ṣe èkejì, yóò sì tún ṣẹ́ kù fún oògùn.

Túúlu kì í hàn nínú àwòrán. Kò sí ẹ̀rọ tó lè ya orí ènìyàn kó sì sọ pé "túúlu rè é". Ẹnu aláìsàn la ti ń gbọ́ ọ. Ìlànà tí International Headache Society, ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn onímọ̀ orí fífọ́, gbé kalẹ̀ fún túúlu tó wọ́pọ̀ jù ni pé kó ti ṣẹlẹ̀ tó ẹ̀ẹ̀marùn-ún, ó kéré tán, kí ìkọ̀ọ̀kan sì máa gbà láti wákàtí 4 sí 72 bí oògùn kò bá dá a dúró. Kí méjì nínú mẹ́rin yìí wà níbẹ̀: kó jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan orí, kó máa lù kìkì, kó le débi pé ó ń dí iṣẹ́ lọ́wọ́, kí rírìn tàbí gígun àtẹ̀gùn máa mú un le sí i. Lẹ́yìn náà, kí èébì máa gbé onítọ̀hún, tàbí kí ìmọ́lẹ̀ àti ariwo máa ni ín lára. Àwọn kan máa ń rí ìmọ́lẹ̀ tó ń kọ mànà tàbí ìlà wọ́gọwọ̀gọ lójú fún ìṣẹ́jú 5 sí 60 kí orí tó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́.

Lẹ́yìn ìbéèrè, àyẹ̀wò ara ló kàn. Kí wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ àti ìgbóná ara. Kí wọ́n tẹ ọrùn síwájú wò bóyá ó le. Kí aláìsàn rẹ́rìn-ín, kó fún ojú pọ̀, kí wọ́n lè rí i bí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bá dọ́gba. Kó na apá méjèèjì síwájú, kó di ojú, kí wọ́n wò ó bóyá ọ̀kan ń rọ̀ wálẹ̀. Kó rìn lórí ìlà kan, gìgísẹ̀ kan ọmọ ìka ẹsẹ̀ kejì. Paríparì rẹ̀, kí dókítà fi ẹ̀rọ ọwọ́ tí wọ́n ń pè ní ophthalmoscope wo ẹ̀yìn ẹyin ojú méjèèjì. Bí orí iṣan tó gba ojú lọ sínú ọpọlọ bá wú, a ti mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí ìfúnpá inú agbárí ti ga ju bó ṣe yẹ lọ, àwòrán sì di dandan lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe kì í lò ju ìṣẹ́jú 15 lọ lórí gbogbo rẹ̀.

Ìṣẹ́jú 15 yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ aláìsàn kò rí gbà. Obìnrin tí orí ti ń fọ́ láti ọdún mélòó kan á dé ilé ìwòsàn, wọ́n á kọ oògùn ibà fún un. Bí kò bá lọ, wọ́n á ní kó ṣe Widal, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún táífọ́ọ̀dù, wọ́n á ní táífọ́ọ̀dù ni, bẹ́ẹ̀ sì ni Widal ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò tó ẹ̀rí nílùú tí táífọ́ọ̀dù ti wọ́pọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, awò ojú. Kò sẹ́ni tó bi í pé wákàtí mélòó ló ń gbà, kò sẹ́ni tó wo ẹ̀yìn ojú rẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló ń bẹ̀bẹ̀ fún scan, ẹ̀bi rẹ̀ kọ́. Scan nìkan ló jọ lójú rẹ̀ bí ohun tí wọ́n fi lè gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́. Bí ẹ bá san owó scan láìsan owó ìṣẹ́jú 15, àìsàn náà yóò wà níbẹ̀, owó yóò sì ti lọ.

Ẹ wo ohun tí ìwádìí ti fi hàn. Lára àwọn tó ní túúlu tí àyẹ̀wò ara wọn kò ní àbùkù, nǹkan bí ẹni 2 nínú 1,000 ni àwòrán ń rí ohun tó lágbára nínú ọpọlọ wọn. Àwọn tí orí kì í fọ́ rárá náà kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2009, ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ gbé àkójọ ìwádìí 16 jáde lórí àwọn tó lé ní ẹgbẹ̀rún 19 tí kò ní àmì àìsàn ọpọlọ kankan. MRI rí ohun tí ẹnikẹ́ni kò wá lọ lára ìdá 2.7 nínú ọgọ́rùn-ún wọn, ìyẹn ẹnì kan nínú 37. Ẹ fi méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Nínú 1,000, ẹni 2 ló ní ohun tó yẹ ká mọ̀. Nǹkan bí ẹni 27 ni yóò gbé ìbẹ̀rù tuntun relé.

Kí ni àwọn ohun àìròtẹ́lẹ̀ yìí? Àpò omi kékeré tí wọ́n bí mọ́ ènìyàn. Kókó meningioma, tó ń hù lára awọ tó bo ọpọlọ, tí kò tóbi tó ẹ̀wà, tó lè wà níbẹ̀ títí ọjọ́ ayé láìṣe nǹkan kan. Ojú ibi tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ti wú díẹ̀. Ní Rotterdam, nígbà tí wọ́n ya àwòrán ọpọlọ 2,000 ènìyàn láàárín ìlú tí wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2007, ìdá 1.8 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní iṣan wíwú báyìí láìmọ̀. Ẹni tí wọ́n bá sọ èyí fún kò tún lè sùn mọ́. Wọ́n á ní kó tún un yà pẹ̀lú oògùn tí wọ́n ń fà sí iṣan, kó lọ rí oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ, kó padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Orí tó torí rẹ̀ wá ń fọ́ síbẹ̀síbẹ̀.

Èyí tó ń dùn wá jù ni ti àmì funfun kéékèèké tó máa ń hàn nínú àwòrán ọpọlọ. A kò kà á mọ́ ìdá 2.7 yẹn. Ìwádìí láti Netherlands ní 2004 fi hàn pé ó máa ń pọ̀ díẹ̀ sí i lára àwọn tó ní túúlu, pàápàá obìnrin. A kì í tọ́jú àmì náà, kì í sì í yí oògùn túúlu padà. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ka àwòrán bá kọ ọ́ sínú ìwé èsì bí ẹni pé ẹ̀jẹ̀ kò dé ibẹ̀ dáadáa, aláìsàn ọmọ ọdún 30 á máa sọ fún ẹbí pé rọpárọsẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú òun. Àtúnṣe rẹ̀ rọrùn: kí dókítà kọ "túúlu, àyẹ̀wò ara mọ́" sórí fọ́ọ̀mù, kí ẹni tó ń ka àwòrán lè mọ ohun tó ń wò. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n kọ "ẹ̀fọ́rí" nìkan sí ló pọ̀ jù.

Ẹ̀rọ pàápàá kò kárí. Nínú kíkà tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2018, MRI 84 ni wọ́n rí ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fún ènìyàn tó lé ní mílíọ̀nù 370. 58 nínú rẹ̀ wà ní Nàìjíríà, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ẹ̀rọ tí agbára mágínẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kéré, tí ohun tín-ín-tìn-ín lè bọ́ mọ́ lójú. Bí ẹni tí túúlu rẹ̀ kò yí padà láti ọdún mẹ́wàá bá gba ààyè lórí ẹ̀rọ náà ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń kú díẹ̀díẹ̀ á dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. CT wà níbi púpọ̀ ju MRI lọ, ṣùgbọ́n ó ń lo ìtànṣán, nǹkan bíi 2 millisievert fún orí kan, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó èyí tí ara ń gbà láti inú ayé fúnra rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́jọ. Ó kéré fún ẹni tó nílò rẹ̀. Fún ọmọ ọdún 19 tí kò nílò rẹ̀, kò sídìí. CT lásán sì lè fo ẹ̀jẹ̀ dídì nínú iṣan tó ń kó ẹ̀jẹ̀ jáde lórí, kó má rí kókó kékeré lẹ́yìn ọpọlọ, kó má sì sọ nǹkan kan nípa ìfúnpá inú agbárí. A ti mọ àwọn tí wọ́n fi "CT mọ́" lé lọ sílé tí ojú wọn ti ń kú lọ, nítorí kò sẹ́ni tó wo ẹ̀yìn ẹyin ojú.

Ẹnìkan lè sọ pé àwòrán ń fi ọkàn balẹ̀, ìfọ̀kànbalẹ̀ sì jẹ́ ìtọ́jú. Òótọ́ díẹ̀ wà ńbẹ̀. Ní London, wọ́n pín ènìyàn 150 tí orí ń fọ́ lójoojúmọ́ sí méjì, wọ́n fún apá kan láǹfààní MRI, èsì rẹ̀ sì jáde ní 2005. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ìbẹ̀rù àwọn tó láǹfààní náà dín kù. Nígbà tó pé ọdún kan, ìyàtọ̀ ti tán. Ṣùgbọ́n a kò ní fi apá kejì pamọ́ fún yín: láàárín àwọn tí àníyàn tàbí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn wọn pọ̀, àwọn tí wọ́n fún ní MRI ná ètò ìlera lówó tó dín kù, torí pé wọn kò fi bẹ́ẹ̀ máa lọ láti ọ̀dọ̀ dókítà kan sí òmíràn. Nítorí náà, ẹ má ti ilẹ̀kùn pa pátápátá. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹ fún dókítà àgbà onímọ̀ ọpọlọ láyè láti buwọ́ lu MRI fún ẹni díẹ̀ bẹ́ẹ̀, kó kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀.

Àwọn mọ̀lẹ́bí wa ní Bìrìtéènì, níbi tí NHS, ètò ìlera ìjọba wọn, kì í gba owó lọ́wọ́ aláìsàn fún MRI, mọ̀ pé bákan náà ni níbẹ̀. Láti 2012 ni NICE, àjọ tó ń gbé ìlànà ìtọ́jú kalẹ̀ níbẹ̀, ti sọ pé kí wọ́n má fi ẹni tí wọ́n ti mọ̀ pé túúlu ló ń ṣe ránṣẹ́ fún àwòrán torí àtifọkàn rẹ̀ balẹ̀ nìkan. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé ìyà Nàìjíríà la fẹ́ fi jẹ àwọn aláìsàn wa.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí àwọn tó yẹ kó ya àwòrán, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀mí ti ń bọ́.

Ẹ̀fọ́rí tó dé bí ààrá, tó le dé góńgó láàárín ìṣẹ́jú 5: ẹ̀jẹ̀ lè ti tú sí àyíká ọpọlọ. CT tí wọ́n bá yà kó tó pé wákàtí 6 máa ń rí i dáadáa. Bí wákàtí 6 bá ti kọjá, CT tó mọ́ kò tó mọ́. Wọ́n ní láti fa omi láti inú ọ̀pá ẹ̀yìn, ìyẹn sì gbọ́dọ̀ dúró di wákàtí 12 lẹ́yìn tí orí bẹ̀rẹ̀. Ẹ rí i báyìí pé bí aláìsàn bá dé ní wákàtí kejì tí kóòdù ìyọ̀ǹda láti ọ̀dọ̀ HMO, ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó owó adójútòfò, sì jáde ní wákàtí keje, ìdúró yẹn ti ba àyẹ̀wò jẹ́.

Ẹ̀fọ́rí pẹ̀lú apá tàbí ẹsẹ̀ tó kú, ọ̀rọ̀ tó lọ́, gìrì, tàbí ìwà tó yí padà: àwòrán lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó ṣubú lórí ọ̀kadà láàárín oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, pàápàá àgbàlagbà tàbí ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì: ẹ̀jẹ̀ lè máa rọra kóra jọ lábẹ́ agbárí, nítorí náà CT. Ẹ̀fọ́rí tó ń dé bí ènìyàn bá wúkọ́ tàbí tó bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tàbí tó ń pọ̀ sí i lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀: MRI, kò pọn dandan kó jẹ́ lọ́jọ́ náà bí ẹ̀yìn ojú bá mọ́.

Ibà pẹ̀lú ọrùn tó le: yírùnyírùn ni ká kọ́kọ́ rò. Níbí, ìdúró de àwòrán gan-an ni àṣìṣe. Kí ceftriaxone, oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn, wọ iṣan kí ẹnikẹ́ni tó gbé aláìsàn lọ sídìí ẹ̀rọ. Ẹni tó ní HIV tí ẹ̀fọ́rí tuntun bẹ̀rẹ̀ lára rẹ̀ nílò àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún cryptococcus, kòkòrò àrùn tó ń kọlu awọ ọpọlọ; àyẹ̀wò tí owó rẹ̀ kéré gan-an sí ti CT, lẹ́yìn náà omi ẹ̀yìn. Àwòrán a ṣáájú omi ẹ̀yìn bí gìrì bá wà, bí apá kan ara bá kú, tàbí bí iyè rẹ̀ kò bá já gaara.

Aboyún tàbí ẹni tó bímọ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà: ẹ̀rọ ìfúnpá àti àyẹ̀wò ìtọ̀ fún prótéènì ló ṣáájú. Bí ìfúnpá bá ga, ọ̀rọ̀ gìrì aboyún ló wà nílẹ̀, magnesium sulphate ló sì yẹ kó wà nítòsí. Bí ìfúnpá kò bá ga tí orí kò sì lọ, ẹ̀jẹ̀ lè ti dì nínú iṣan ọpọlọ, CT lásán sì lè fò ó. Àwòrán iṣan ni kí wọ́n béèrè. Ẹni tó ti lé ní ọmọ ọdún 50 tí orí ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, kódà bó bá jọ túúlu, kí wọ́n ya àwòrán rẹ̀, kí wọ́n sì ṣe ESR, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń fi wíwú inú ara hàn, fún un. Bí ẹ̀bátí bá ń dùn ún tí àgbọ̀n sì ń rẹ̀ ẹ́ bó bá ń jẹun, iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹ̀bátí lè ti wú (giant cell arteritis), kí oògùn prednisolone bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà kí ojú tó fọ́; àìsàn yìí kò wọ́pọ̀ láàárín wa, ṣùgbọ́n ojú tó bá ti fọ́ kì í padà.

Apá 20 nínú National Health Act ti 2014 ti sọ pé kò sí ilé ìwòsàn tó gbọ́dọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni fún ìdí yòówù. Òfin kan náà ló dá owó ìpìlẹ̀ ìlera sílẹ̀, tí ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ wà fún pàjáwìrì. Ohun tó kù ni kí ẹ kọ ọ́ fún HMO kọ̀ọ̀kan pé àwọn àmì tí a kà sókè yìí kò nílò kóòdù ṣáájú: kí wọ́n ya CT, kí ilé ìwòsàn fi ìwé ránṣẹ́ láàárín wákàtí 48, kí ẹ sì san án bí àmì náà bá ti wà nínú àkọsílẹ̀, kódà bí CT bá mọ́. Bí ẹ bá ń san kìkì èyí tó rí nǹkan, ilé ìwòsàn á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra.

Fún àwọn yòókù, tí wọ́n pọ̀ jù, oògùn ni. Bí orí bá ti bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n lo aspirin 900 mg tàbí ibuprofen 400 sí 600 mg, tàbí paracetamol 1,000 mg fún ẹni tí ọgbẹ́ inú tàbí oyún kò jẹ́ kó lo méjì àkọ́kọ́, pẹ̀lú metoclopramide 10 mg bí èébì bá ń gbé e. Òògùn tó tó ìwọ̀n, tó sì tètè wọlé, ló ń ṣiṣẹ́. Paracetamol kan ṣoṣo lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta kò lè ṣe é. Bí èyí kò bá tó, sumatriptan 50 mg. Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) ti fi í sínú àkójọ oògùn kòṣeémánìí láti 2021, ó sì yẹ kó wà nínú tiyín. Ẹni tó ní àrùn ọkàn, tó ti ní rọpárọsẹ̀ rí, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ kò lọ sílẹ̀ kò gbọ́dọ̀ lò ó. Ergotamine tí àwọn kẹ́míìsì ṣì ń tà léwu gan-an fún ẹni tó ń lo oògùn HIV bíi ritonavir.

Bí orí bá ń fọ́ tó ọjọ́ mẹ́rin lóṣù tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ san owó oògùn ìdènà. Propranolol 40 mg lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, tó lè gòkè dé 80 mg lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n kò tọ́ sí ẹni tó ní ásímà. Amitriptyline 10 mg lálẹ́, kí wọ́n máa fi 10 kún un díẹ̀díẹ̀ títí dé 50. Owó méjèèjì kò wọ́n. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni pé aláìsàn máa ń dá a dúró lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì pé kò ṣiṣẹ́, nígbà tó yẹ kó lò ó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ kí a tó dájọ́. Ẹ jẹ́ kí HMO fọwọ́ sí oògùn oṣù méjì lẹ́ẹ̀kan. Valproate àti topiramate lè ṣe ọmọ inú oyún léṣe. Kí ẹnikẹ́ni má kọ wọ́n fún obìnrin tó lè lóyún láìsọ̀rọ̀ ìfètò-sọ́mọ-bíbí. Obìnrin tó ń rí ìmọ́lẹ̀ wọ́gọwọ̀gọ ṣáájú túúlu kò sì gbọ́dọ̀ lo oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí tó ní estrogen, nítorí rọpárọsẹ̀. Ìbéèrè kan yìí ń gba ẹ̀mí là ju ọgọ́rùn-ún MRI lọ.

Ẹ má gbàgbé ẹ̀fọ́rí tí oògùn fúnra rẹ̀ ń fà. Paracetamol, aspirin tàbí ibuprofen tí ènìyàn ń lò ní ọjọ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóṣù, fún oṣù mẹ́ta, lè sọ túúlu di ojoojúmọ́. Fún tramadol, codeine, sumatriptan, tàbí oògùn àpòpọ̀ bí ìyẹ̀fun Alábùkún tó ní aspirin àti kaféènì, ọjọ́ 10 ti tó. Irú àwọn yìí ló máa ń bẹ̀bẹ̀ fún scan jù nítorí orí kì í dákẹ́, àwòrán wọn á sì mọ́. Kí wọ́n ní ìwé pélébé kan tí wọ́n á máa sàmì sí lójoojúmọ́: orí fọ́ tàbí kò fọ́, oògùn wo, mélòó. Oṣù kan péré tó láti rí i.

Ohun tí a ń béèrè kí ẹ tẹ̀ sínú ìwé àǹfààní yín nìyí: owó àyẹ̀wò ẹ̀fọ́rí oníṣẹ́jú 15 tó dá dúró lọ́tọ̀ sí owó ìwòsàn lásán, ophthalmoscope kan, ó kéré tán, ní gbogbo ilé ìwòsàn tó bá fẹ́ kí ẹ forúkọ òun sílẹ̀, pẹ̀lú ẹni tó mọ̀ ọ́n lò, sumatriptan, propranolol àti amitriptyline láìdáwọ́ dúró lóṣù kankan, CT láìsí kóòdù fún àmì ewu, MRI nípasẹ̀ dókítà onímọ̀ ọpọlọ. Ní ìparí ọdún kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo ilé ìwòsàn fi wákàtí tí aláìsàn dé àti wákàtí tí CT rẹ̀ parí ránṣẹ́ sí yín, kí ẹ sì gbé e síta fún gbogbo wa láti kà.

Àwa òṣìṣẹ́ ìlera tó ń tọ́jú orí fífọ́